Èwo Ni Gidi Nínú Mẹ́rin?

"Mùnírátù, nínú àwọn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tá a ń lò, ni kó o fi sílẹ̀ o," ni Ọ̀gá Nọ́fíù wí, wọ́n sì kọrí sí Èkó.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò nílé ìkóògùnsí tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Mowe lọ́dún 2006. Àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un ti rí jákujàku. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, á fún un lórúkọ tó wù ú, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá ní tí mo bá tún wọn tò dáadáa, àwọn á gbà mí síṣẹ́.

Mo wá àkọsílẹ̀ tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Mẹ́rin ló jáde: OJO, OJOTUNTUN, OJOTUNTUN2, OJOGIDI. Orí mi dàrú. Bí tuntun bá ti wà, kí ni tuntun kejì ń wá? Mo kà wọ́n títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí orí, mi ò rí ìdí.

"Pe ọ̀gá lórí fóònù," ni Fàrídà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ wí.

"Kí wọ́n lè sọ pé mi ò mọ nǹkan kan? Gidi ni gidi ń jẹ́, jàre." Mo pa mẹ́ta yòókù rẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá ṣàtúnṣe díẹ̀ sí OJOGIDI, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì fi í sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ: kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n kó oògùn tó ti bàjẹ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ibafo! Ọpẹ́lọpẹ́ Alhaja Sọ̀fíyátù, olùtọ́jú ẹrù, tó ka ọjọ́ tó wà lára páálí.

Fàrídà sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Sọ pé iná ló lọ tí àkọsílẹ̀ fi sọnù."

Iná kúkú máa ń lọ, ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń wá OJOTUNTUN, èyí tá a ń lò gan-an, kiri, òógùn bò wọ́n, àánú wọn sì ṣe mí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ gidi, ojú sì ń tì mí láti béèrè."

Ọ̀gá mú iṣẹ́ mìíràn tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe, wọ́n tẹ àṣẹ kan, orúkọ àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é sì jáde lójú ẹsẹ̀.

"Ohun tí mo máa fi hàn ọ́ nìyí, ká ní o béèrè."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún àkọsílẹ̀ náà tẹ̀ látorí bébà àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sí. Ọ̀gá kò gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní nítorí pé mo jẹ́wọ́, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni mo sá fún, ọdún kan gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi.