Ayaba Inú Àlá Ọ̀sán

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọ ilé wa, ayé àtijọ́ ni mo wà. Ara mi wà ní Ìlódè n'Ílé-Ifẹ̀ lóòótọ́, lórí ẹní nínú yàrá Ìyá Àgbà, ìwé ìṣirò sì wà lórí itan mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti di ayaba. Orí amọ̀ kan ló gbé mi lọ. Bàbá Lágúnjú, mọlémọlé tó ń kọ́ yàrá tuntun fún bàbá mi, ló rí i nígbà tó ń wa amọ̀ nínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Orí obìnrin ni, ìlà wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn. Bàbá Lágúnjú fọ̀ ọ́, ó gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, kò gba kọ́bọ̀. Ìyá Àgbà fi agbọ̀n bò ó ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ karùn-ún, àwọn yóò gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí l'Ẹ́nuwá.

Kó tó di ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí agbọ̀n. Èmi Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó ṣe ìdánwò Ìwé Mẹ́fà! Bí mo bá ti wo ojú yẹn, ìṣirò á fò lọ. Màá rí ara mi láyé ìgbà náà, iyùn lọ́rùn, abẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ẹgba tíṣà, kò sí "Saléwá, wá fọ àwo." Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn kan ń fọ àwo láyé àtijọ́ náà.

"Ẹ kúulé o!"

Mo ta gìrì. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nínú ṣòkòtò kàkí, ó gbé àpò ńlá kọ́ èjìká. Àwọn àgbà ilé ti lọ sóko, Bàbá Lágúnjú sì ti lọ kírun.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Mo gbọ́ pé ẹ rí orí amọ̀ kan. Àwa là ń tọ́jú ohun àtijọ́ fún ìjọba. A fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ni, a ó dá a padà lọ́la."

"Ta ni kí n sọ fún Ìyá Àgbà pé ó wá, sà?"

Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáá. Ara fu mí. Ẹni tí ìjọba rán, kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo ti fẹ́ ní kó lọ padà wá, àfi bó ṣe wo orí amọ̀ náà tí mo ṣí sílẹ̀, tó tún wo ojú mi.

"Háà! Ìwọ àti obìnrin yìí mà jọra o! Àbí ìdílé kan náà lẹ ti jọ wá ni? A máa ya ìwọ náà, a ó gbé fọ́tò rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Yéè! Ìfura mi yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e sínú àpò rẹ̀. Mo da agbọ̀n dé padà sórí ilẹ̀ òfìfo.

Ọ̀la dé, kò wá. Ọ̀túnla dé, n ò rí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìyá Àgbà ṣí agbọ̀n, wọ́n figbe ta. Bàbá mi pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Saléwá, ìwọ lo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ta ló wọ yàrá Ìyá Àgbà?"

Ẹ̀rù bà mí. Ẹnu mi ya, irọ́ jáde. "Bàbá Lágúnjú ni, sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mumi."

Láti ọjọ́ náà, ilé wa dàrú. Ìyá mi so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Bàbá mi lọ dúró sí etí kòtò, ó ń ṣọ́ ọkọ́ Bàbá Lágúnjú bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rí irú nǹkan báyẹn tí kò gba kọ́bọ̀, ó ní ohun tó ń rò." Ẹ ò rí ayé! Oore tí ọkùnrin náà ṣe wá di ẹ̀rí sí i lọ́rùn.

Bàbá Lágúnjú kì í ṣe ọmọdé, ó rí ojú wọn. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó pe bàbá mi lórúkọ. "Fáníyì, ẹ wá tú ilé mi."

Wọ́n lọ, wọ́n sì mú mi dání. Wọ́n tú ẹrù, wọ́n gbọn ẹní, wọ́n dórí àpótí Mùnírátù, ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Wọ́n da ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Wọn ò rí nǹkan kan.

"Saléwá," Mùnírátù rọra pè mí, "ṣé o rí bàbá mi lóòótọ́?"

Ilẹ̀ ni mo wò. Ó wò mí títí, mo sì mọ̀ pé ara ti fu ú.

Ní ilé ìwé, wọ́n ń pè é lọ́mọ olè. Ó kọ́kọ́ fara dà á. Nígbà tó di Ọjọ́rú, kò wá mọ́. Ọjọ́ Ajé sì ni ìdánwò! Èmi náà ò gbádùn. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo rò pé èmi ni. Mo ní kí n sá padà sí ayé àtijọ́ mi, mo di ojú, mo gorí ìtẹ́. Wọ́n mú olè kan wá síwájú mi pé kí n dájọ́. Bàbá Lágúnjú ni. "Ta ló rí i?" Èmi ayaba ò lè la ẹnu. Mo bú sẹ́kún.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Orí amọ̀ lọ, kò burú, ilẹ̀ Ifẹ̀ á mú òmíràn wá. Orúkọ tí o bà jẹ́ ńkọ́, Saléwá? Inú kòtò wo la ó ti wà á?"

Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ fún bàbá mi, wọn ò nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n fà mí lọ sílé Bàbá Lágúnjú, wọ́n pe àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹgbẹ́ wọn nítorí mi. Ojú gbà mí tì, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Dìde, Fáníyì, Ọlọ́hun á forí jì wá," ni Bàbá Lágúnjú wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíì tó máa parí ilé yẹn. Bí nǹkan bá tún sọ nù lọ́la ńkọ́?"

Mùnírátù ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, ó sì yege. Èmi fìdí rẹmi, mo tún Ìwé Mẹ́fà kà. Wọn ò rí orí amọ̀ náà títí dòní. Nígbà tí mo lọ bẹ Mùnírátù, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi tán, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń da ìwé mi sílẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló mọ òtítọ́ láyé yìí, ọ̀rẹ́ mi sì ni."

Kò bá mi jókòó mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ro ayé àtijọ́ bó ṣe wù yín, kò lófin. Ṣùgbọ́n ayé tí ẹ wà yìí ni wọ́n ti máa pè yín láti jẹ́rìí. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹni tó ń pọ́n yín lé ju bó ti yẹ lọ, kí ẹ sì fura sí ẹnu ara yín nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ẹ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tó ṣì lè gba ẹnì kan sílẹ̀. Èmi sọ tèmi, mo fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi.