Káàdì Oní-Fáànù Mẹ́ta

Káàdì méjì ló wà lórí tábìlì Bọ̀dá Luke tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀, ojú Mofẹ́olúwa kò sì kúrò lára èyí tí wọn kò rán an. Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Folúkẹ́, ní kí ó rà kéré, fáànù kan ṣoṣo ló ní. Èkejì gùn, ó wúwo, fáànù mẹ́ta ni wọ́n tò sí i láyà. Tòkúnbọ̀ ni, èyí kékeré sì jẹ́ tuntun, ìdí nìyẹn tí iye owó wọn fi jọra.

Káàdì àwòrán ni àwọn méjèèjì, ohun tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà kí àwòrán lè máa yára jáde. Iṣẹ́ Folúkẹ́ kò ṣeé ṣe láìsí i. Nínú yàrá kan tí wọ́n háyà ní Agbowó, ó máa ń ya ilé tí wọn kò tíì kọ́, yóò sọ ọ́ di fídíò, onílé yóò sì máa wò ó bí ẹni tó ń rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Káàdì rẹ̀ àtijọ́ ti kú. Ìyáàfin Adéróunmú, ayàwòrán-ilé kan ní Bódìjà, sì ti sọ pé bí fídíò ilé ìwòsàn aláboyún kan bá tẹ òun lọ́wọ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, òun yóò gba Folúkẹ́ síṣẹ́ pátápátá. Láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú, Folúkẹ́ ni ìyá, òun náà ni bàbá. Iṣẹ́ yìí nìkan ni àwọn méjèèjì ń wojú rẹ̀.

"Èyí tí mo dárúkọ fún ọ yìí ni kí o rà, má gba òmíràn," Folúkẹ́ ti kìlọ̀ fún un. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Páwà páàkì tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà wa kò lágbára."

Ṣùgbọ́n Suhail, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, bá a dé Dùgbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Suhail ń fi kọ̀ǹpútà ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè gbé géèmù bọ́ọ̀lù tuntun. Ó ti ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù rẹ̀, èyí tó to agbára káàdì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Wò ó, guy. Mẹ́mórì: mẹ́jọ sí mẹ́rin. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta! Iye ìṣirò tó lè ṣe ní sẹ́kọ́ńdì kan, bí nǹkankan ò bá dí i lọ́wọ́, ó tún jẹ ẹ́!"

"Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́?"

"Wáàtì. Igba sí àádọ́rin. Ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ náà! No dull yourself. Ṣé o ò gbọ́ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ní Ìbàdàn yìí, kò sí ìyá tó ń ra áyọ́ọ̀nù tí kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ilé lè gbé e. Mofẹ́olúwa mọ èyí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n níwájú fáànù mẹ́ta yẹn, iye iná tí káàdì ń jẹ ni òun náà kà mọ́ agbára rẹ̀.

Bọ̀dá Luke wojú rẹ̀. "Ṣé páwà páàkì yín gbé e? Eléyìí ń jẹná gan-an o."

Ọmọ yìí ì bá sọ pé òun kò mọ̀. Ì bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Géèmù ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ó gbé e, sà."

"Kò burú. Wáyà yìí ni ẹ máa fi so ó mọ́ páwà páàkì nígbà náà."

Nígbà tó délé, ìdí sítóòfù ni Folúkẹ́ wà, ata ń ta á lójú. "Ṣé òun ni?"

"Òun ni, mà."

"O ṣé, ọmọ ìyá mi. Bá mi fi sí i."

Kò wá wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Mofẹ́olúwa bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà, ó sì fọkàn tán an bí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, Folúkẹ́ lọ sí ìdánrawò kọ́áyà, Suhail sì wá. Bọ́ọ̀lù ń yí geere lójú kọ̀ǹpútà. Inú Mofẹ́olúwa dùn débi pé ó ti ń ro bí òun yóò ṣe jẹ́wọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ̀gbọ́n òun yóò sì dúpẹ́. Kò mọ̀ pé eré ni káàdì náà ṣì ń ṣe.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Folúkẹ́ tẹ bọ́tìnì tí yóò so gbogbo àwòrán náà di fídíò, ó sì lọ fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ yìí ló gba gbogbo agbára káàdì. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mofẹ́olúwa gbọ́ òórùn rọ́bà, ó gbójú sókè, ó rí wáyà Bọ̀dá Luke tó ń yọ́. Kó tó dìde, iná ti mú kọ́tìnì. Ó figbe ta.

Folúkẹ́ sáré kọjá lára rẹ̀. Dísìkì kékeré tí ẹ̀dà iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sínú iná láti mú un. Nígbà tí àwọn ará ilé fi yanrìn pa iná náà, dísìkì ti yọ́, ọwọ́ tó mú un sì ti bó.

Dókítà sọ pé ìka méjì lè má ká mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyáàfin Adéróunmú kẹ́dùn gidigidi lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò lè dúró, ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Folúkẹ́ kò sunkún nítorí ìyẹn. Ohun mìíràn ló ń pa á lẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni mo ṣi ìṣirò, Mofẹ́. Mo ti ní páwà páàkì yẹn á gbé e. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ọmọ ìyá mi pa."

Káàdì ti jóná, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Mofẹ́olúwa bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò lè fara da ẹkún yẹn.

"Àǹtí mi, ẹ ò ṣì í. Èmi ni. Oní-fáànù mẹ́ta ni mo rà." Ó ṣí ojú ìwé tí Suhail fi hàn án ní Dùgbẹ̀ lórí fóònù, ó nà án sí i bí ẹni pé ohun tó wà níbẹ̀ lè bá a bẹ̀bẹ̀.

Folúkẹ́ fi ọwọ́ òsì fà á títí dé ìlà ìkẹyìn. "Eléyìí ńkọ́?"

"Mo rò pé... èyí tó pọ̀ jù ló borí."

"Ohun tó ń jẹ nìyẹn, Mofẹ́olúwa. Kì í ṣe ohun tó ń ṣe." Ó dá fóònù padà, ó sì kọjú sí ògiri.

Báyìí, bí ilé ìwé bá ti jáde, Mofẹ́olúwa máa ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ kan tó ń yá wọn ní kọ̀ǹpútà. Folúkẹ́ yóò jókòó tì í, yóò máa sọ ibi tí ìlà yóò gbà, ọwọ́ àbúrò ni yóò sì yà á. Bí ó bá ní "díẹ̀ sósì," díẹ̀ sósì náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti yé e pé agbára tí wọ́n kọ sórí ìwé kò wúlò fún ilé tí kò lè gbé e, àti pé irọ́ kékeré tí ènìyàn pa nítorí ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lè jó ọwọ́ ẹni tó fọkàn tán an.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́, mà?" ni ó máa ń bèèrè kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

"Tẹ̀ ẹ́," Folúkẹ́ yóò dáhùn. Kò fìgbà kan ṣàì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ọmọ ìyá mi mọ́.