Olú Orí Ewé Ọsàn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ka òfin olú sétí gbogbo ìlú, ẹṣin mẹ́ta ló gba ojú ọ̀nà ọgbà wọlé, agogo ń dún lọ́rùn èyí tó ṣáájú. Ẹni tó gùn ún wọ ẹ̀wù àrán pupa tí wọ́n fi òwú wúrà kọ́ etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń mú. Ó tú ìwé kan, ó gbé e sókè kí àwọn ọlọ́gbà tó dúró lẹ́sẹ̀ ògiri lè rí i. Àwòrán ewé ọsàn kan ni. Ewé náà ká kò, ogún irun funfun tín-ín-rín dúró lórí rẹ̀, kóró kékeré kan sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yà á dára débi pé ọlọ́gbà kan na ọwọ́, ó fẹ́ fi ìka gbọ̀n wọ́n dànù.

"Olú nìyí," ni oníṣẹ́ ọba wí. "Òun ló ń pa ọsàn wa. Ewé tí ẹ bá ti rí i lára rẹ̀, ẹ já a, kí ẹ sun ún. Ẹni tó bá dá a sí, a ó sun ọgbà rẹ̀, òun náà yóò sì fi ìlú sílẹ̀."

Obìnrin tó ya àwòrán náà wà láàárín èrò. Ayàwòrán ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ta ni kò fẹ́ kí gbogbo ìlú wo iṣẹ́ ọwọ́ òun? Bàbá rẹ̀ nìkan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbà, ni kò wo àwòrán. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ìgbà ogun ni. Ọkọ̀ àwọn ọ̀tá ti dí ẹnu òkun, àwọn jagunjagun tó wà lórí omi kò rí ewébẹ̀ jẹ, eyín ń mì lẹ́nu wọn, èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọsàn nìkan ló ń wo àrùn náà sàn. Nígbà tí ewé ọsàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ọkàn ààfin kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ké sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààfin, bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ti to gbogbo ewé, olú àti kòkòrò ilẹ̀ náà sínú ìwé ní ìdílé-ìdílé. Ó rí i pé ibi tí ewé bá ti ká gan-an ni irun funfun náà wà. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó sì kọ ọ́ sí ìdílé olú. Òwe náà dára, ibi tó lò ó sí ni kò dára.

Bàbá ti sọ fún ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú òfin, nígbà tí ọmọ gbé ewé náà wálé láti yà á sínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n, bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó lórí tábìlì.

"Ẹyin nìyẹn, ọmọ mi."

"Ẹyin kẹ̀, Bàbá? Ẹyin tó dúró lórí irun?"

"Ẹyin Ìyá Ọgbà ni." Bẹ́ẹ̀ ló ń pe kòkòrò kan aláwọ̀ ewé, tí ojú rẹ̀ ń dán bíi wúrà, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì rí bí àwọ̀n. "Iná ewé, kòkòrò bíńtín bí iná orí, ló ń fa omi ara ewé mu tí ewé fi ń ká. Ọmọ Ìyá Ọgbà ló sì ń jẹ iná ewé. Ìyá wo ló máa bímọ síbi tí oúnjẹ ò sí? Tí ọmọ náà bá jáde, wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀mú méjì ni, bíi ti kúlúsọ. Baba ńlá kan náà ló bí wọn. Iyanrìn wu ọ̀kan, ó ń gbẹ́ kòtò kiri. Èkejì gun igi lọ ní tiẹ̀."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ní awò tó ń sọ kékeré di ńlá, Bàbá. Ṣé ojú yín wá ju awò lọ ni?"

"Kò jù ú lọ. Ó kàn ti pẹ́ níbẹ̀ ju awò lọ ni."

Ayàwòrán fi tàdáwà dúdú kọ OLÚ sábẹ́ àwòrán náà, ní lẹ́tà tó gún régé.

Bàbá kò já ewé kankan. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn òfin, àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n gbé àwòrán dání, wọ́n ń fi í wé ewé lára igi kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn kò le, àwòrán ti bá wọn ṣe é tán. Wọ́n mú bàbá lọ sí àtìmọ́lé, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọgbà títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Ìgbà yẹn ni Ayàwòrán tó wá wo ohun tó ti yà. Ó yá awò, ó bẹ ẹ̀ṣọ́, ó sì jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó rí i tí kóró kan dúdú díẹ̀díẹ̀, tí orí rẹ̀ ṣí. Kòkòrò kékeré kan jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ lára irun, ó fi ẹ̀mú méjì gbá iná ewé kan mú, ó fa inú rẹ̀ mu tán, ó sì gbé awọ rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ayàwòrán sunkún níbẹ̀, kò sì bìkítà pé ẹ̀ṣọ́ ń wo òun.

Ewé kan péré ni ẹ̀ṣọ́ gbà kó mú jáde. Ogún ẹyin ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé náà ń gbẹ, ó ń ká, àwọn irun sì ń lọ́ mọ́ra wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ rúdurùdu rí. Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré, ó gé irun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ ìwé funfun sínú àpótí kan, ó to ogún ẹyin náà síbẹ̀, ó sì dé e pa. Lójú adájọ́ ni yóò ti ṣí i, kí wọ́n rí ogún ọmọ tó ń rìn.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, wọ́n mú bàbá kọjá lọ́ọ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wù iṣẹ́ ọgbà ṣì lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀.

"Mo ti rí i, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Wọ́n wà nínú àpótí yìí."

"Pẹ̀lú irun wọn?"

"Mo gé e, kí n lè tò wọ́n dáadáa."

Bàbá wo ìdérí àpótí náà. "Ìdí tí ìyá wọn fi ń gbé wọn kọ́ sókè nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa ń jẹ." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì fi kún un pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mi ò sọ fún ọ."

Adájọ́ jókòó nínú ẹ̀wù dúdú gígùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ayàwòrán kúnlẹ̀.

"Kí ẹ̀mí olúwa mi gùn. Ẹyin ni, kì í ṣe olú. Mo mú un wá."

Ó ṣí àpótí. Kò sí ẹyin kan lórí ìwé funfun náà. Ohun kan ṣoṣo ló wà ní igun, kòkòrò bíńtín, tí èèpo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Kò mira. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà wọ́n.

"Ìdọ̀tí ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò tilẹ̀ fi ìkà sọ ọ́.

Adájọ́ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó sì bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àwòrán sókè. "Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, olúwa mi."

"O ya irọ́ ni?"

"Rárá. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe yà á."

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀?"

Ó wo bàbá rẹ̀. "Èmi náà ni."

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú tó láti gé ọwọ́ olówó rẹ̀.

Wọ́n sun ọgbà náà lọ́jọ́ kejì. Igi ọsàn tútù kì í tètè jó, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà wọ́n. Wọ́n lé bàbá lọ sí ilẹ̀ iyanrìn lẹ́yìn odi, níbi tí igi kankan kì í hù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ránṣẹ́, lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń kọjá. Ó ní, "Ẹ sọ fún ọmọ mi pé kúlúsọ pọ̀ níbí. Ará ilé ni wọ́n, mi ò dá wà." Ó kú kí òjò ọdún náà tó rọ̀.

Ìlú ṣe ohun tí òfin wí láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Nígbà tó fi máa di àsìkò ọsàn tó tẹ̀ lé e, kò sí irun funfun kan lórí igi kankan, iná ewé sì bo gbogbo ọgbà pátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní olú tí bàbá yẹn dá sí ló fà á. Láìsí ọsàn, àwọn jagunjagun kú sórí omi láìjà, àwọn ọ̀tá sì gba ẹnu òkun wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò sí ẹni tó ju òkò lù wọ́n.

Àwọn ọ̀tá rí ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ààfin. Wọ́n ní àwòrán inú rẹ̀ dára púpọ̀, àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ kùn ún. Bí wọ́n ṣe gbé Ayàwòrán jókòó sídìí tábìlì gígùn kan nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún ọ̀gá wọn pé ẹyin ni, kì í ṣe olú.

Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìwé. Kò sọ̀rọ̀ líle sí i. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ síbí kọ́ nìyẹn, màmá."

Ayàwòrán ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú àwọ̀ funfun. Ogún irun ló wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi fọ́.