Omi Tí Mo Lọ Pọn

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Àríkẹ́ lẹ́jọ́ orin ní ààfin Ọ̀jọ́, ọkọ̀ kan kò ṣí lọ sí Bàdágìrì. Àwọn oníyọ̀ so ọkọ̀ wọn mọ́ èbúté, àwọn alágbọn sọ ẹrù kalẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ gbọ́ irú orin tí ń gbé ènìyàn dé iwájú ọba. Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó ti ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹjọ́ obìnrin, ààfin ló ṣì ń gbọ́ ọ.

Kábíyèsí jókòó nínú agbádá sányán. Àríkẹ́ kúnlẹ̀ nínú kíjìpá aláró, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Dáúdà, ló pè é lẹ́jọ́. Bó bá jẹ̀bi, wọn yóò di ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbà.

Inú ọkọ̀ ni Àríkẹ́ wà, ó ń ti ọjà ẹja bọ̀, nígbà tí oyún inú rẹ̀ wálẹ̀. Oyún tó ti ń yí, tó ti ń ta á nípàá. Kò sunkún. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí tí kò tíì mọ ẹni tó gbá a. Àwọn tó wá kí i kún ilé, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn gbé wá: "Kú ewu, Àríkẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń jẹ obì wọn lọ. Nígbà tí ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ tirẹ̀, orin ni Àríkẹ́ fi dá a lóhùn, òun gan-an kò sì mọ ibi tí orin náà ti wá. Láti ìgbà náà, bó ń hun ẹní, orin ni; bó ń gbálẹ̀, orin ni. Ìgbà tó bá ń kọ ọ́ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀.

"Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀," ni Ìyá Dáúdà wí. "A kì í fi orin pe ohun tí a kò sọ lórúkọ. Bó bá ń pè é, kò ní lọ, kò sì ní jẹ́ kí òmíràn dúró. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Kábíyèsí. Ṣé kí ilé ọmọ mi parun ni?"

"Kọ ọ́ ká gbọ́," ni ọba wí.

Àríkẹ́ ti pinnu pé òun yóò tọrọ àforíjì. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀:

*Ẹ ní omi ló dànù, agbè ò fọ́,*
*Omi yẹn ni mo lọ pọn.*
*Ẹ ní kí n máa dúpẹ́ agbè,*
*Òùngbẹ omi ló ń gbẹ mí.*

Ohùn mìíràn bá gba orin náà, ohùn àgbà, tó ń gbọ̀n: "Omi yẹn ni mo lọ pọn." Ìyá Dáúdà ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò yíká bí ẹni tó jí lórí ẹní nílé onílé.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò tíì sọ iye oyún tí mo ní."

Dáúdà, ọkọ Àríkẹ́, tó dúró láàárín èrò, yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń ba ilé, ọ̀rọ̀ sì ń dun obìnrin," ni ọba wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó máa fi wẹ ọmọ. Ta ni yóò bi í léèrè ìdí tó fi ń kọrin omi?"

"Ọmọ ta ni kí n wẹ̀, Kábíyèsí?" ni Àríkẹ́ bi í.

"Ọmọ ẹnikẹ́ni."

Ìyá Dáúdà ló fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ dìde, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sílé.

Bó ṣe di orin ìwẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu ìyá wọn, àwọn ọmọ ọmọ gbà á, ìdí rẹ̀ sọnù, orin kù. Lọ́dún yìí, àtọmọdọ́mọ Àríkẹ́ kan, Dámilárá, jáde ní ilé ìwòsàn kan ní Òkòkómáikò, níbi tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníkáàdì fóònù kan létí títì, ó pe ìyá rẹ̀, Rùkáyàt, ní Ìjanikin. Àkọ́bí Rùkáyàt ni òun, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

"Mọ́mì, bébì yẹn ti lọ."

"Háà, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́, ṣé o gbọ́?"

Dámilárá kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. "Omi yẹn ni mo lọ pọn." Orin tí Mọ́mì fi ń wẹ̀ ẹ́ nínú báàfù nígbà tó wà ní kékeré ni. Ó ti kọ ọ́ láìmọye ìgbà, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Sọ kí ni, Mọ́mì?"

"Pé ẹnì kan ti wá ṣáájú ẹ."

Orin ni Dámilárá fi dá a lóhùn, ìlà kan tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Omi yẹn, mo ti sọ ọ́ lórúkọ." Ìyá rẹ̀ sì gbè é láti Ìjanikin.