Lẹ́tà Ọjọ́ Jímọ́ọ̀

"Ìwọ Abdoulie lo gba lẹ́tà náà. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Lónìí, tìẹ ló kàn!"

Wàsíù Abọ́dúnrìn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí akọ̀wé ní ọ́fíìsì tí yunifásítì ìjọba fi ń gba òṣìṣẹ́ ní Banjul, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹta ọdún 2013. Simbiat ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ni obìnrin náà ti ń wá iṣẹ́ olùwádìí irúgbìn ìrẹsì yìí. Aago méjìlá ni wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì ti fi bírò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nítorí lẹ́tà kan tó ní kò ṣe mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Òun kọ́ ló kọ ọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Yassin, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, wọlé. Ọmọ Aku, àwọn Kirio ilẹ̀ Gambia, ni, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn ti kọ́ ọ ní Yorùbá tòun tèébú inú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jókòó. Etí mi ò di."

Ó ka lẹ́tà náà sókè: "Mo mú ìwé yìí wá fúnra mi lónìí, Jímọ́ọ̀, mo sì fi lé Abdoulie akọ̀wé lọ́wọ́."

"Abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ti bá a láàárọ̀ yìí, madam," Abdoulie wí.

"Irọ́ ni," Wàsíù já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Orí àga yẹn ló jókòó sí ní Jímọ́ọ̀ tó fi gbà á."

Yassin yíjú sí Omar tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tó ń wá iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Simbiat. "Ẹ̀yin ni lẹ́tà yìí ṣe láǹfààní."

"Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ Alámìísì ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ní Barra. Àná ni mo dé."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù?"

"Ìsọ̀ tí mo ti ń ta ike ni mo wà ní ọjà Albert, mo ń ka ike. Sáyẹ́ǹsì kan náà la jọ kà n'Ílọrin, èmi àti ìyàwó mi. Òun ń di dókítà ìmọ̀ irúgbìn, èmi ń ka ike." Ó rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Yassin ká lẹ́tà náà. "Láti oṣù tó kọjá, ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣí ní Jímọ́ọ̀ mọ́. Abdoulie mọ̀. Omar mọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó tètè lọ Barra. Simbiat mọ̀, ó ti sọ fún mi pé Jímọ́ọ̀ kan lóṣù tó kọjá lòun kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù wá, ilẹ̀kùn títì lòun bá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò mọ̀. Òun ló kọ Jímọ́ọ̀ sínú lẹ́tà, òun náà ló rí akọ̀wé lórí àga nínú yàrá tó wà ní títì. Abdoulie, ẹ dá orúkọ obìnrin yìí padà. Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù, ẹ óo bá mi dé àgọ́."

Wàsíù wo ilẹ̀. "Ṣé kí n máa ru ike, kí wọ́n máa pè mí ní ọkọ dókítà?"

Simbiat dìde. "Abdoulie, ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù kejì tí mo mú wá."

Akọ̀wé fà á yọ. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni. Orúkọ Wàsíù Abọ́dúnrìn ló wà lórí rẹ̀.

"Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni, Bàbá Mariatu. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ rí yín."

Simbiat fa fọ́ọ̀mù náà ya sí méjì, ó kó o lé Wàsíù lórí itan.

"Lọ máa ka ike rẹ."