Orin Tí Ṣèyítán Kò Tọrọ

"Orin tí èmi Ṣèyítán bá ti kọ, ẹni tó ni ín gan-an á gbàgbé pé òun ló ni ín!"

Bí Ṣèyítán ṣe ń fọ́nnu nìyẹn ní Fájuyì, ní ìlú Adó, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe, nígbà tí ọmọge kan gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ dé. Ọmọge náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n olórin, ẹ kọ́kọ́ tún fóònù mi ṣe ná."

Monínúọlá ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, Ìyìn ló sì ti ń wọkọ̀ wá sí Adó. Bó ti ń dúró de fóònù, ó ń kun orin ìkórè kan lábẹ́lẹ̀. Ohùn yẹn wọ Ṣèyítán lára bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń wọ ilẹ̀. Kó tó tún fóònù náà ṣe tán, ọkàn tirẹ̀ ti fọ́ ju ojú fóònù lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di olólùfẹ́. Ṣèyítán a máa kọ orin olórin, a sì máa gbé fídíò rẹ̀ sórí ayélujára. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ kọ orin ìkórè yẹn.

"Olólùfẹ́ mi, bàbá mi ló ni orin yẹn o," ni Monínúọlá wí. "Màá bá ẹ kọ ọ́, àmọ́ má gbé e jáde títí wàá fi tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn."

"Ayé mi, mo gbọ́."

Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà. Nígbà tó wo fídíò orin náà tí wọ́n jọ ṣe, tó rí bó ṣe dùn tó, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gbé e jáde, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi kọ́ ni mo ni orin yìí." Ó rò pé ìyẹn ti tó.

Bàbá Ọláoyè, baba Monínúọlá, rí i. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ó pe Ṣèyítán.

"Ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, tó wá kọ ọ́ sí i lára pé, 'Èmi kọ́ ni mo ni ewúrẹ́ yìí,' kí là ń pè é?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Olè tó mọ̀wé là ń pè é!"

Ó fẹjọ́ sun àwọn tó ni ìkànnì náà, wọ́n sì yọ ohùn inú fídíò náà kúrò. Monínúọlá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "O ṣèlérí fún mi, Ṣèyítán." Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ohun tó kù fún Ṣèyítán ò ju fídíò tí kò lóhùn lọ. Á tẹ̀ ẹ́, Monínúọlá á yanu, á rẹ́rìn-ín, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti máa ń ṣe bí orin bá gòkè, etí Ṣèyítán ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Á gbé fóònù sétí bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ọkọ̀ Ìyìn bá dúró, á dìde. Bí èrò bá sọ̀ tán, á jókòó. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ ju ebi lọ. Bó bá fẹ́ fi orin pa àárò náà, ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ohùn kejì ò sí.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó bẹ Ayọ̀kúnlé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, pé kó sin òun lọ. Wọ́n di iṣu, ó di Ìyìn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá Ọláoyè rí iṣu, ó fajú ro. "Ẹ wá tọrọ ọmọ mi?"

"Rárá, sà," ni Ṣèyítán wí láti ilẹ̀. "Orin la wá tọrọ."

Ayọ̀kúnlé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Ọmọ mi wá ńkọ́?" ni Bàbá bú mọ́ ọn. "Kò tó tọrọ ni?"

"Monínúọlá lẹ́nu, sà, ó lè fúnra rẹ̀ kọ̀ mí. Orin ò lè sọ pé òun ò bá mi lọ. Òun ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn kọ́tìnnì. Monínúọlá jáde, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Mi ò kọ̀ ọ́, òmùgọ̀ mi. Mo kàn ń retí ìgbà tí wàá wá ni."

Ọkàn Bàbá rọ̀. Ó ní kí Ṣèyítán máa kọ orin náà, bó bá ṣáà ti ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọláoyè ló ni ín. Ó gbé ọwọ́ lé àwọn méjèèjì lórí, ó ń ṣàdúrà, Ayọ̀kúnlé ń ṣàmín, gbogbo wọn ń nu ojú.

Ìyá Monínúọlá gbé iyán wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Èmi ni mo dá orin yẹn nínú ulé yìí, nígbà tí mò ń pọn Monínúọlá," ó wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí."