Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ẹni Mẹ́wàá

Ìjà ni mo fi pàdé ọkọ mi. Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni, tí àwọn ọmọ pọ̀ bí eéṣú nílé-ìwé Ìlobù. Èmi Rísíkátù náà gbé ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ mi lọ sábẹ́ igi ọ̀dán tó wà níwájú ibẹ̀. Tísà tuntun kan, Hàmídù, ọmọ Ìfọ́n, ìlú tó bá wa pààlà, ra méjì. Ó tú ewé, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù níbí."

"Iyọ̀ kẹ̀? Tísà, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ máàkì í?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ata fi sá a lọ́fun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ fún mi.

"Kò sóhun tó ṣe iyọ̀ yẹn. Ojú rẹ ni mo ń wá, ìwọ kàn ń wo ìkòkò ṣáá."

Ẹ wo ọkùnrin ẹlẹ́tàn! Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Òun náà ló ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé nírọ̀lẹ́. Ó ní kí kálukú kọ ohun tó mọ̀. Kí lèmi mọ̀ ju ẹ̀wà lọ? Mo wá kọ ọ́ gbágungbàgun pé: "Bó ẹ̀wà títí èèpo yóò fi tán." Hàmídù kà á sókè fún gbogbo kíláàsì, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àmọ̀kẹ́," ó fi oríkì mi pè mí, "máa kọ ọ́ lọ. Ìwé lèyí máa dà."

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, Jímọ́ọ̀. Ìdílé kan ní Ìfọ́n ti bá a ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ oko wa tó wà ní ààlà, wọ́n sì jàre. Ọjọ́ tó ti kóòtù dé ló fi Àlùkùráánì búra pé oúnjẹ tó bá ti ọwọ́ ará Ìfọ́n wá kò ní wọ ọ̀fun òun mọ́ láyé. Bí ìyá mi bá ra iṣu lọ́jà, á kọ́kọ́ bi í pé ta ló gbìn ín.

Nígbà tí àwọn ẹbí Hàmídù wá tọrọ mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi.

"Ọmọ yín kò burú," ó ní. "Ìdílé yín kọ́ ló sì gba ilẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdána, ẹ̀yin lẹ máa gbé obì wá, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí mi ò bá jẹ, mi ò fọmọ fún yín. Bí mo bá jẹ, mo ti da Ọlọ́run."

"A lè ra obì náà níbí, ní Ìlobù," ẹnì kan nínú wọn dábàá.

"Owó ta lẹ máa fi rà á? Ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́run kì í ṣe ọmọdé."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Hàmídù ní ká sá lọ sí Ìbàdàn.

"Olówó orí mi," mo ní, "ta ló máa wúre fún mi tí n óò fi jáde nílé? Mo fẹ́ yín. Mo fẹ́ bàbá mi náà. Mi ò lè fi ọ̀kan ra èkejì."

Ó bínú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó tán. Nígbà tó di Sátidé, ó dé, ó ra ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó bá mi tún ìwé mi wò. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, lẹ́ẹ̀rùn lójò.

Mo tọ Ààfáà Bàdírù lọ, mo béèrè bóyá ẹni tó búra ní ọ̀nà àbáyọ.

"Ó ní," Ààfáà dáhùn. "Ìtánràn ni. Kó bọ́ aláìní mẹ́wàá. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é, kì í ṣe ìwọ."

Ààfáà sọ fún bàbá mi. Bàbá mi gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba oko lọ. Mo gba kámú, mo ní ó parí.

Bàbá mi ò wá sí ìsọ̀ mi rí. Ó máa ń ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọ ojú títì. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i lórí ìlà, lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé-ìwé, tó ń dúró de kó kàn án. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, mo wá rajà ni. Fún mi ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ẹni mẹ́wàá máa jẹ yó. Àwọn aláìní ẹnu mọ́ṣáláṣí ni mo fẹ́ gbé e fún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde nínú ìkòkò. "Bàbá, ẹ máa gbé e lọ. Mi ò ní gbowó."

"Gbowó rẹ. Bó o bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ lo bọ́ wọn. Ta ló búra, èmi àbí ìwọ?"

Mo gbowó, omijé ń bọ́ lójú mi, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Lónìí, ilé oúnjẹ mi wà ní Òṣogbo, ìwé oúnjẹ tí mo kọ sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyàwó tí mi ò mọ̀ rí. Hàmídù mi ti lọ, Ọlọ́run kó dẹ ilẹ̀ fún un. Bó bá sọ sí mi lọ́kàn, ọjọ́ ìdána wa ni mo máa ń rí.

Wọ́n gbé obì dé iwájú bàbá mi. Ó ní, "Bísímílláhì." Ó mú awẹ́ kan, ó gé e jẹ. À ń gbọ́ bó ṣe ń run ún lẹ́nu.

"Ó korò," ó ní. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú.

"Ó korò bíi ti Ìlobù."

Ẹ̀rín sọ. Awẹ́ kan péré ni àṣà béèrè lọ́wọ́ bàbá ìyàwó. Bàbá mi wo Hàmídù títí, ó na ọwọ́ sínú àwo, ó mú èkejì.